Ilẹ̀ Tí Kò Yọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn: ilẹ̀ náà kò yọ̀. Ọmọ mi ló tẹ́ ẹ, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Táìsì tó ní ara háráhárá ni. Bí ẹ bá da omi sí i, tí ẹ fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ, ẹsẹ̀ yín á dúró gbọin ni. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ló ń mi orí pé, "Háà, Màmá, táìsì! Táìsì ò dáa fún àgbà." Ẹ yé purọ́ mọ́ táìsì. Ohun tó gbé mi ṣubú kì í ṣe táìsì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi náà sì ti wá mọ̀ bẹ́ẹ̀, mímọ̀ tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí.

Télọ̀ ni mí. Yúnífọ́ọ̀mù iléèwé ni mo máa ń rán nínú pálọ̀ mi, láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi fúnra wọn ti ń wọ yúnífọ́ọ̀mù. Awakọ̀ lọkọ mi, ó sì ti lọ sinmi tipẹ́. Ilé tí a jọ kọ́ ló fi sílẹ̀ fún mi: yàrá, pálọ̀, kíṣìnì, ilé ìwẹ̀, ó tán. Nínú ilé yẹn, èmi ni ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó tó láti sọ fún mi pé dìde tàbí jókòó.

Làkúrègbé ló ń ṣe mí, kì í sì í ṣe èyí tí ọjọ́ orí ń gbé wá o. Mi ò tíì hu ewú kan nígbà tó mú mi. Dókítà ní ara mi fúnra rẹ̀ ló ń bá oríkèé mi jà, pé àwọn tó yẹ kó máa lé àrùn jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ló kọjú sí mi, tí wọ́n ń jẹ mí ní ọwọ́ ọ̀tún àti òsì, ní orúnkún ọ̀tún àti òsì, bí ẹni ń pín ogún. Mo ní, "Dókítà, ẹ ò tíì sọ nǹkan tuntun. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó fún mi ní wóró oògùn kan, funfun, kékeré báyìí. Oògùn náà ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òwúrọ̀ tí mi ò bá lè pa ìka dé, tó bá ti wọ inú mi tán, màá lè di sísọ́ọ̀sì mú títí di ọ̀sán. Àmọ́ ó kìlọ̀ fún mi pé tó bá pẹ́ lára, ó máa ń sọ egungun di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àrùn náà fúnra rẹ̀ sì ń bá a ṣe é. "Nítorí náà, Màmá, ẹ má ṣubú o." Ẹ gbọ́ àṣẹ! Bí ẹni pé eré ìdárayá ni mò ń fi ṣíṣubú ṣe.

Ọmọ méjì ni mo bí. Obìnrin ni àgbà. Adájọ́ là ń pè é láti kékeré, torí bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ àdúgbò, òun ló máa bọ́ sáàárín, tó máa na ìka pé, "Ìwọ lo jẹ̀bi." Ó ti di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba ní ìlú míì báyìí, ìka yẹn ò sì tíì sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin ni àbígbẹ̀yìn. Kékeré ni gbogbo ayé ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé. Òun ló ń tẹ́ táìsì. Òun náà ló ń wá wò mí lọ́jọ́ ìsinmi, tó máa jókòó sórí ilẹ̀ bí ọmọdé, tó máa bá mi to bọ́tìnnì sínú agolo.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣubú tí wọ́n mọ̀, inú ilé ìwẹ̀ ni. Mo na ọwọ́ láti fi gba ara mi dúró, ọrùn ọwọ́ sì kán, pàá. Adájọ́ wọkọ̀ wá. Ó wo sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi di ọwọ́ mi, ó sì dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Màmá, tí ẹ bá tún ṣubú, ilé mi lẹ̀ ń bọ̀. A máa fi ilé yìí fún ayálégbé."

Kékeré ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Màmá lọ́rùn sílẹ̀. Màmá ò lọ síbì kankan."

"Ṣé ìwọ lo máa máa wá gbé wọn nílẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin ṣáà máa lọ síbi iṣẹ́ yín."

Inú mi dùn sí ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Adájọ́ pòṣé, ó ní ó dáa, a jọ máa wò ó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ìṣubú kan péré ló kù láàárín èmi àti kíkúrò nílé mi.

Ṣé ẹ wá rò pé mo máa jẹ́ kí wọ́n rí bí mo ṣe ń rìn? Lákọ̀ọ́kọ́ ná, mi ò rìn mọ́, bí a bá ní ká sọ òótọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń rìn. Bí mo bá ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, màá di wọ́dúróòbù mú, wọ́dúróòbù wúwo tó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e wọlé, kò lè mì. Láti ara wọ́dúróòbù, ó di férémù ilẹ̀kùn. Láti férémù, ó di ẹ̀yìn àga ńlá tí ọkọ mi máa ń jókòó sí. Láti ẹ̀yìn àga, ó di fíríìjì òkú. Fíríìjì òkú ni gbogbo wọn ń pè é, torí ó ti bàjẹ́ kí Adájọ́ tó bí àkọ́bí rẹ̀, mi ò sì gbà kí wọ́n gbé e jáde. Èmi ni mo ní kí Kékeré tì í wá sí àárín pálọ̀, mo purọ́ fún un pé mo fẹ́ máa kó òwú sínú rẹ̀. Ó gbà. Láti ibẹ̀, mo ti dé ibi tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ nìyẹn, máṣíìnì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti tò wọ́n kí ọwọ́ mi má baà fi ọ̀kan sílẹ̀ kó tó kan èkejì. Àwọn oníbàárà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá Télọ̀, ṣé ilé lẹ̀ ń gbé ni àbí ṣọ́ọ̀bù àga?" Màá ní, "Ẹni tó bá ní nǹkan ló ń kó o jọ." A jọ máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó fura, torí pé ẹni tó bá rí mi á kàn rò pé mò ń fọwọ́ kan nǹkan mi bí arúgbó ṣe máa ń ṣe ni.

Bí Adájọ́ bá pè lórí fóònù, "Màmá, báwo ni ẹsẹ̀?" Màá ní, "Ẹsẹ̀ wà ńbẹ̀." Ṣé irọ́ nìyẹn? Ẹsẹ̀ wà ńbẹ̀ lóòótọ́.

Ìgbà tó yá, òtútù àyà mú mi. Oògùn tí mò ń lò kì í jẹ́ kí ara lágbára láti bá ikọ́ jà, ni wọ́n bá dá mi dúró sí ọsibítù. Kékeré ń tọ́jú mi lójoojúmọ́, Adájọ́ náà wá. Ibẹ̀ la ti pàdé obìnrin kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ aláìsàn ní ìrìn. Ọmọlúàbí ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó wo àwọn ìka ẹsẹ̀ mi tó ti gun ara wọn. Ó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń rìn nílé? Ṣé ẹ máa ń di nǹkan mú?"

Adájọ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Mo rí ojú rẹ̀.

Mo ní, "Bí Ọlọ́run ṣe dá mi ni mo ṣe ń rìn."

Ó ní kí n gba irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí àwọn aláìsàn máa ń tì síwájú. Mo ní kó gbé e fún ẹni tó darúgbó. Obìnrin náà wò mí, kò bá mi jà. Ó yíjú sí àwọn ọmọ mi, ó ní ó dáa, kí wọ́n bá mi tún ilé ṣe kí n tó padà: kí wọ́n kó rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀, kí wọ́n ká wáyà, kí wọ́n kó gbogbo ohun tó lè kọ́ mi lẹ́sẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kí wọ́n jẹ́ kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa. Adájọ́ ń mi orí. Kékeré ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ìmọ̀ràn gidi ni o. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló gbà á, ìbá gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ, Kékeré nìkan ló wá mú mi. Adájọ́ ti padà síbi iṣẹ́. Nínú ọkọ̀, ọmọ náà ń súfèé, ó ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko, Màmá. Ẹ ṣáà jẹ́ ká délé." Ó dì mí lápá mú láti inú ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó wá fi mí sílẹ̀, ó sáré wọlé lọ tan iná, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń fi ààfin han ọba.

Ẹ gbà mí! Pálọ̀ mi ti di pápá.

Táìsì kún ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, àwọ̀ eérú, ó mọ́ tónítóní. Àga ọkọ mi ti fẹ̀yìn ti ògiri lọ́ọ̀ọ́kán. Tábìlì mi ti wà lábẹ́ fèrèsé. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀, mo sì rí i pé wọ́dúróòbù ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti gbẹ́ ibi ìkáṣọsí tuntun sínú ògiri. Ní àárín pálọ̀, kò sí ohunkóhun. Afẹ́fẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Fíríìjì ńkọ́?"

"Fíríìjì òkú? Màmá, a ti sin ín!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé e. Ẹ wá wò ó." Ó bu omi nínú ìgò, ó dà á sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán wọ́ ọ síwá, ó wọ́ ọ sẹ́yìn. "Kò yọ̀! Gbogbo ìsọ̀ ni mo dé kí n tó rí irú rẹ̀. Fúnra mi ni mo tẹ́ ẹ, mi ò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án." Ó fi aṣọ nu omi náà gbẹ, ó wá lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya mí ní fídíò. "Àǹtí, ẹ wo Màmá o! Ẹ wo ẹni tí ẹ ní kò lè dá gbé! Ó yá, Màmá, ẹ máa rìn bọ̀ wá jókòó sórí àga yín."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó yẹ kí n sọ ò ju "wá dì mí mú" lọ. Mo mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n Adájọ́ ló máa wo fídíò yẹn. Tí mo bá ní kó wá dì mí mú, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Tí mo bá sì rìn dé ibi àga náà, ẹjọ́ ti parí bákan náà, èmi ni mo jàre, mo sì máa kú sínú ilé mi nígbà tí Ọlọ́run bá fẹ́. Kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Torí ẹ̀ ló ṣe ń ya fídíò. Ọmọ náà ń gbèjà mi.

Mo bá fi férémù sílẹ̀.

Mo rìn. Ẹ má rò pé mi ò rìn. Ẹsẹ̀ ò gbé sókè dáadáa, mò ń wọ́ ọ ni, àmọ́ mò ń lọ, Kékeré sì ń kì mí láyà, "Ẹ ẹ̀n! Ẹ ẹ̀n!" Orúnkún ọ̀tún wá yẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń yẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bó bá ti yẹ̀ báyẹn, fíríìjì ni mo máa ń fara tì. Ọwọ́ mi ò bi mí léèrè kó tó nà sí ọ̀tún. Ó nà, ara sì tẹ̀lé e, mo fi gbogbo ìwúwo mi ti fíríìjì tí kò sí níbẹ̀.

Mo gbọ́ ìró egungun ìtan mi kí n tó gbọ́ igbe ọmọ mi.

Wọ́n gbé mi padà sí ọsibítù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Wọ́n la ìbàdí mi, wọ́n fi irin sí i. Nígbà tí ojú mi máa dá, Adájọ́ ti dé, ó jókòó ní apá kan bẹ́ẹ̀dì, Kékeré wà ní apá kejì. Ojú ọmọkùnrin yẹn ti wọnú. Ó di fóònù mú, fídíò yẹn ló ń wò. Bó bá wò ó tán, á tún bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, kí ló yọ̀ yín? Mi ò rí i. Mo ti wò ó wò ó, ilẹ̀ gbẹ. Ṣé bàtà ni? Kí ló yọ̀ yín?"

Mo yíjú sí ògiri. Ìrora yẹn, ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rẹ̀.

Adájọ́ ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tí mo sọ náà ni mo ṣì ń sọ. Màmá, ilé mi lẹ̀ ń lọ láti ibí."

"Wọn ò lọ, Àǹtí! Èmi ni mo ṣe é. Táìsì yẹn ni, ó ní láti jẹ́ pé ibì kan wà tó yọ̀. Mo máa tú u, mo máa tẹ́ òmíràn. Màmá ò lọ síbì kankan." Ó tún kọjú sí mi. "Màmá, ẹ ṣáà sọ ohun tó yọ̀ yín fún mi."

Ǹ bá dákẹ́. Ǹ bá ní òyì ló kọ́ mi. Ǹ bá ní táìsì yọ̀, kó lọ tú u bó ṣe wù ú. Àmọ́ inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí ọsibítù, sí Adájọ́, sí egungun mi, sí ọmọ tó ń tẹnu mọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo bí ẹni ń kan ìṣó.

Mo pariwo. "Kò sí ohun tó yọ̀ mí! Ìwọ lo kó ọ̀pá mi dà nù! Fíríìjì yẹn ni ọ̀pá mi! Wọ́dúróòbù yẹn ni ọ̀pá mi! Àga yẹn! Ta ló ní kó o fọwọ́ kan nǹkan mi? O kó gbogbo ohun tí mò ń dì mú kúrò, o wá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ò ń ya fídíò!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kékeré gbé fóònù sókè, ó tún wo fídíò náà, mo sì rí ibi tó ti dá a dúró. Ọwọ́ mi ló ń wò, níbi tó ti nà sí ọ̀tún.

Adájọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, èyí tó burú ju igbe lọ. "Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Láti ìgbà wo kí ni?"

"Láti ìgbà wo lẹ ò ti lè rìn láìdi nǹkan mú? Mò ń pè yín. Gbogbo ìgbà ni mò ń béèrè ẹsẹ̀ yín. Obìnrin tó ń kọ́ni ní ìrìn béèrè lójú gbogbo wa." Ó nu imú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń sunkún. "Tí ẹ bá sọ ọ́ fún wa ni, ṣé a máa gbé fíríìjì kúrò?"

Mo ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ṣé o máa fi mí sílẹ̀ sílé?"

A jọ mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo bá yíjú sí ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mo fi ohùn tùtù bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, a máa ń fi èkejì fà á mọ́ra. Mo na ọwọ́ mi tó ti wọ́ yẹn sí i. Mo ní, "Kékeré, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ti tán. Wá tábìlì tó wúwo, gbé e sí ibi tí fíríìjì wà. Gbé àga bàbá ẹ padà. Mo máa gba irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn pàápàá. Wàá rí i pé mo máa rìn."

Ó wo ọwọ́ mi. Kò dì í mú. Ó fi fóònù sápò, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ máa mú wọn lọ."

Mo ní, "Kékeré!"

"Mi ò lè rí i lẹ́ẹ̀kejì, Màmá. Ẹ dárí jì mí. Mi ò lè rí i lẹ́ẹ̀kejì."

Ilé Adájọ́ ni mo wà báyìí. Ilé tó dáa ni, wọ́n ń tọ́jú mi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ọmọ mi ò tọ́jú mi. Adájọ́ gba obìnrin kan láti máa dúró tì mí. Bí mo bá ti gbé ìdí sókè lórí àga, "Màmá, ẹ jókòó!" Bí mo bá fẹ́ omi, omi ti dé. Àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ti sọ ọ́ yékéyéké pé tí mi ò bá ń dìde lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ náà á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, egungun á sì túbọ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Adájọ́ ní òun gbọ́, pé a máa ṣe é nígbà tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dilẹ̀.

Mo bá pe Kékeré lórí fóònù. Lánàá ni. Mo ti ro ohun tí mo máa sọ dáadáa. Mo ní, "Wá lọ́jọ́ ìsinmi. Wá dì mí mú kí n fi dìde dúró. Kì í ṣe kí n rìn o, kí n ṣáà dúró lásán. Ìwọ lo ga, ìwọ lo lágbára. Tí ìwọ bá dì mí mú, mi ò lè ṣubú."



Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ jókòó báyìí?"

"Mo jókòó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Tí mo bá ti mọ̀ pé ẹ jókòó, mo máa ń rí oorun sùn."

Kí ni kí n sọ fún un? Ọmọ mi ni. Mo ní, "Mo ti jókòó, Kékeré. Máa sùn." Obìnrin yẹn gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tún tìmùtìmù sẹ́yìn mi ṣe, ó sì yìn mí pé mo ṣe dáadáa.